Lásárù Kì Í Ṣe Ìránṣẹ́ Ẹnikẹ́ni Lọ́run

ÌRONÚ ÒWÚRỌ̀

Bíbélì kíkà: Lúùkù 16:19–31, Jákọ́bù 5:1–6
Kókó ọ̀rọ̀: Ohun tí a gbà gbọ́ nípa ọ̀run máa ń hàn nínú bí a ṣe ń lo ọmọnìkejì wa láyé.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó sùn lánàá ló jí lónìí. Ọ̀rọ̀ ikú àti ohun tó wà lẹ́yìn ikú la fẹ́ gbé yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ mọ̀ pé bó ti wù kí ọjà kún tó, ilẹ̀ á ṣú, oníkálukú á palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, á wá ọkọ̀ Àkúrẹ́ tàbí ọkọ̀ Ọ̀wọ̀. Àwọn baba wa ló ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ìbéèrè tó wá kù ni pé: irú ilé wo ni ilé ọ̀hún?

Nínú ìlú tiwa yìí nìkan, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó gbọ́ ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ojú títì ńlá gba ìlú wa kọjá, ó sì kó oríṣiríṣi ènìyàn wá bá wa: Yorùbá, Èbìrà, Ìgbò, Hausa. Ẹni tó wá dáko wà níbẹ̀, ẹni tó wá la gẹdú wà níbẹ̀, ẹni tó wá tajà náà wà níbẹ̀. Bí òfò bá ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ la ti máa ń mọ ohun tí oníkálukú gbà gbọ́.

Bí aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí bá kú, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì sin ín. Wọ́n gbà pé màláíkà méjì, Múńkárì àti Nàkírì, á wá bi í ní ìbéèrè nínú sàréè, pé gbogbo òkú á dìde ní ọjọ́ àlùkìyáámọ̀, Ọlọ́run á ṣírò iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni ire á wọ àlùjánnà, ẹni ibi á wọ iná.

Ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn ìṣẹ̀ṣe á sọ pé baba ò kú, ilé ló lọ. Ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn aláṣekù, ó ń wo àwọn ọmọ ẹ̀. Bí ọdún eégún bá dé, ará ọ̀run á jáde. Bó bá sì yá, baba á padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, ibẹ̀ la ti rí Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọn ò mọ̀ nípa ìdájọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, kọ ìwé kan ní ọdún 1962 nípa Olódùmarè nínú ìgbàgbọ́ àwọn Yorùbá. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé àwọn baba wa mọ ọ̀run rere, wọ́n sì mọ ọ̀run àpáàdì, ibi tí wọ́n ń kó ohun tó ti fọ́ dà sí. Ẹni tó bá hùwà ìkà ò lè retí ibùgbé kan náà pẹ̀lú ẹni tó hùwà rere.

Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀mí á kúrò nínú ara kan, á wọ òmíràn, pé ìwà tí ènìyàn hù tẹ́lẹ̀ ló ń pinnu irú ayé tí yóò tún wá. Àwọn kan sì wà, wọ́n pọ̀ sí i lásìkò yìí, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní kò sí nǹkankan lẹ́yìn ikú, pé bí iná àtùpà bá ti kú, ó kú náà nìyẹn. Ìyẹn pàápàá ò ṣàjèjì. Bí ẹ bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 23, ẹ ó rí i pé àwọn Sadusí wà nínú tẹ́ńpìlì fúnra ẹ̀, wọ́n ń rúbọ, wọn ò sì gbà pé àjíǹde wà.

Ẹ̀yin àyànfẹ́, mi ò kó gbogbo èyí jọ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀sìn kì í ṣe ìjàkadì. Àwa Kristẹni mọ ohun tí a gbà gbọ́, a ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká bi gbogbo ìgbàgbọ́ nípa ọ̀run, tiwa náà kò yọ sílẹ̀: kí ni ìgbàgbọ́ yìí ń mú kí ènìyàn ṣe sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láyé níbí?

Ẹ jẹ́ ká ya Oǹdó, ìlú tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1877, ìjọ C.M.S. rán Charles Phillips lọ síbẹ̀ láti wàásù. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n sì fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ohun tó rí níbẹ̀ dà á láàmú. Nígbà náà, bí ọba bá wàjà tàbí bí ìjòyè ńlá bá kú, wọ́n máa ń pa ẹrú sin ín. Kì í ṣe pé àwọn ará Oǹdó ò lọ́gbọ́n lórí o. Ẹ wo bí ìrònú náà ṣe lọ: bí ọ̀run bá rí bí ayé, ẹni tó jẹ́ ìjòyè níhìn-ín á jẹ́ ìjòyè lọ́hùn-ún. Ìjòyè ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ pọnmi. Ta ni yóò gbé àpótí ẹ̀? Ta ni yóò gbálẹ̀ fún un? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó mú ènìyàn dání.

Ta wá ni wọ́n ń mú? Kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé. Ẹrú tí wọ́n rà lọ́jà ni, ẹni tí wọ́n kó lójú ogun láti ọ̀nà jíjìn, tí kò ní ẹbí nítòsí tí yóò béèrè ẹ̀. Òwe wa sọ ọ́ tipẹ́: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Ibì kan wà lọ́nà jíjìn tí ìyá kan ti ń retí ọmọ ẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti fi ọmọ òun sin baba onílé.

Àwọn àlùfáà bẹ̀bẹ̀, wọ́n bá wọn wíjọ́, ìjọba òyìnbó náà dá sí i, nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ má wá sọ pé Oǹdó nìkan ni. Ní Íjíbítì, láyé àtijọ́ gan-an, wọ́n ń sin àwọn ìránṣẹ́ mọ́ àwọn ọba àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ère kéékèèké rọ́pò ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ṣí ibojì Tutankhamun ní 1922, ère tó lé ní irinwó ni wọ́n bá níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé bí wọ́n bá pe ọba láti wá roko lọ́run, kí àwọn ère dá a lóhùn, kí wọ́n lọ bá a ro ó. Ẹ gbọ́ ná: ọba kú, ó ṣì ń wá alágbàṣe! Ní Ọ̀yọ́ tiwa níbí, nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944, Olókùn Ẹṣin múra láti bá olúwa ẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìjọba òyìnbó dá a dúró, ọmọ ẹ̀ sì gbẹ̀mí ara ẹ̀ dípò bàbá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo débi pé Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré, Wọlé Ṣóyínká náà fi ṣe eré. Ikú ọba kan, òfò mìíràn.

Ó dáa. Ẹ padà wá sí Lúùkù 16. Gbogbo wa mọ ìtàn náà láti kíláàsì ọmọdé. Ọlọ́rọ̀ kan wà tó ń wọ aṣọ olówó iyebíye, tó ń jẹun bí ẹni tó ń ṣọdún lójoojúmọ́. Òtòṣì kan, Lásárù, wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, egbò bò ó lára, àwọn ajá ló ń lá a. Àwọn méjèèjì kú. Àwọn áńgẹ́lì gbé Lásárù lọ sí àyà Ábúráhámù. Ọlọ́rọ̀ bá ara ẹ̀ nínú oró.

Ohun tí a máa ń fi wàásù nibẹ̀ ni iná àti ọ̀gbun tó wà láàárín. Láàárọ̀ yìí, ẹ bá mi wo ohun tí ọkùnrin náà béèrè. Ó gbójú sókè, ó rí Ábúráhámù lókèèrè, ó rí Lásárù pẹ̀lú ẹ̀. Ṣé ó bẹ Lásárù ni? Rárá. Ṣé ó ní, Lásárù, dárí jì mí? Kò sí níbẹ̀. Ábúráhámù ló bá sọ̀rọ̀, ó ní kó rán Lásárù kó wá ti ìka bọ omi, kó fi tọ́ òun lẹ́nu. Nígbà tí ìyẹn ò ṣeé ṣe, ó tún ní kí wọ́n rán Lásárù lọ sílé bàbá òun, kó lọ kìlọ̀ fún àwọn arákùnrin òun márùn-ún.

Ẹ rí i? Ó wà nínú iná, ó ṣì ń rán Lásárù níṣẹ́! Lójú ẹ̀, ọ̀run ò yí nǹkankan padà: ọlọ́rọ̀ ṣì ni ọ̀gá, Lásárù ṣì ni ọmọ iṣẹ́. Ìrònú àwọn ìjòyè Oǹdó náà nìyẹn. Ìrònú àwọn ọba Íjíbítì náà nìyẹn. Olúwa wa sì fi ìtàn kan ṣoṣo fọ́ ìrònú náà túútúú. Ábúráhámù ò rán Lásárù níṣẹ́. Lásárù jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, kò gbọnmi fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó gún wa lọ́kàn. Ọlọ́rọ̀ náà mọ orúkọ Lásárù. Kò ní "alágbe kan tí mo máa ń rí nígbà kan." Ó pè é lórúkọ. A jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tó ń wọlé tó ń jáde, ó mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àìmọ̀ kọ́ ló pa á. Ó mọ̀, ó kàn ń kọjá lọ ni.

Kí àwa Kristẹni má sì fi Oǹdó yangàn. Àwọn tó ń ka Bíbélì náà ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn baba wa gba orí òkun lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wàásù fún ẹrú pé kó fara dà á, kó gbọ́ràn sí ọ̀gá ẹ̀ lẹ́nu, pé ìsinmi ń bẹ fún un lọ́run. Wọ́n fi ọ̀run rere di ẹrú mọ́lẹ̀ láyé. Ẹnì kan fi ìrètí ọ̀run pa ẹrú, ẹnì kejì fi ìrètí ọ̀run mú kí ẹrú dákẹ́. Ẹ̀sìn yàtọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ jọra. Bẹ́ẹ̀, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ.

Ẹ lè sọ pé, Àlùfáà, kò sẹ́ni tó ń pa ẹrú sin òkú mọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ọ̀nà tiwa.

Alágbàṣe tó ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa ro oko kòkó, tí a ṣàdéhùn owó pẹ̀lú ẹ̀, tí ọdún wá parí tí a ní kó lọ kó padà wá, ṣé a ti san owó ẹ̀? Ọmọkùnrin tó ń gbé pákó ní sọ́míìlì, tí igi re ọwọ́ ẹ̀, ta ló san owó ìtọ́jú ẹ̀? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó jí ṣáájú gbogbo ilé, tó sùn gbẹ̀yìn gbogbo ilé, tó ń ru ọmọ wa lọ síléèwé tí òun ò lọ, ibo ló ń sùn? Kí ló ń jẹ? Ṣé a mọ orúkọ ìyá ẹ̀? Jákọ́bù orí 5 sọ pé owó iṣẹ́ tí a fi dù alágbàṣe ní ohùn, ó ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Ẹ wò ó, a lè máa gbààwẹ̀ nínú yàrá, kí owó alágbàṣe máa gbàdúrà takò wá nínú àpò wa.

Ẹ jẹ́ ká tún dé ìdí òkú ṣíṣe. Ó dáa kí a bu ọlá fún òbí wa, ẹnikẹ́ni ò bá yín jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ń rí i níbi púpọ̀: baba wà láyé, kò rí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Baba kú, ó wà ní mọ́ṣúárì fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè kun ilé, wọ́n ta ilẹ̀ oko, wọ́n yá owó, kánópì gba gbogbo àdúgbò, màlúù ṣubú, aṣọ ẹbí jáde, olórin gba owó. Lẹ́yìn ìnáwó, ọmọ àbúrò kúrò níléèwé torí gbèsè. Àbí ẹ ò rí i pé a tún ti fi ẹnì kan sin òkú náà? A ò fi ọ̀bẹ kan ọmọ yẹn o, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀la ẹ̀ la gbé sínú sàréè bàbá onínàáwó.

Olúwa wa sọ nínú ìtàn yẹn pé wọ́n sin ọlọ́rọ̀. Ti Lásárù, kò sọ nǹkankan nípa ìsìnkú ẹ̀. Bóyá kò tiẹ̀ sí kánópì kankan. Ṣùgbọ́n àwọn áńgẹ́lì ló gbé e. Ìnáwó ìsìnkú kọ́ ni ìwé ìrìnnà ọ̀run, ẹ̀yin ará.

Kí wá ni àwa gbà gbọ́? A gbà pé Jésù kú, pé ọjọ́ kẹta Ó jíǹde, pé ibojì tí wọ́n tẹ́ Ẹ sí ṣófo. Pọ́ọ̀lù fi yé àwọn ará Kọ́ríńtì pé àkọ́so ni, ìyẹn ni pé bí èso àkọ́kọ́ bá ti pọ́n, gbogbo oko náà ń bọ̀ lẹ́yìn. A ò kàn sọ pé ẹ̀mí ń fò kiri. A ní Ọlọ́run á jí ara yìí dìde. Bó bá jẹ́ pé ara ẹrú àti ara ọba ni Ọlọ́run fẹ́ jí dìde, a jẹ́ pé kò sí ara ẹnikẹ́ni tí a lè lò bí àkísà. Ọwọ́ tí pákó fọ́ yẹn, Ọlọ́run ní ètò fún un. Ẹ̀yìn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ru ẹrù yẹn, Ọlọ́run ní ètò fún un.

Ìgbàgbọ́ yìí náà ni ìtùnú wa. A ò gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn agbébọn wọ ilé ìsìn Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ojú ọ̀nà tiwa níbí. Nǹkan bí ogójì ènìyàn ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn fún wọn ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn, pósí tò lọ́ bẹẹrẹ. Ẹni tó bá ní kò sí nǹkankan lẹ́yìn ikú, kí ni yóò sọ fún ìyá tó ń sunkún nídìí pósí? Pé ó ti parí náà nìyẹn? Pé ẹni tó yìnbọn àti ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, ọgbọọgba ni wọ́n? Àwa sọ pé rárá. Onídàájọ́ ń bẹ. Àjíǹde ń bẹ. Ẹni tó kú nínú Olúwa ò sọnù. A ń sunkún, torí Jésù fúnra Rẹ̀ sunkún nídìí ibojì Lásárù kejì, ará Bẹ́tánì, ṣùgbọ́n a ò sunkún bí ẹni tí kò ní ìrètí.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń ka èyí láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́kàn, ìyá, bàbá, ọkọ, aya, tàbí ọmọ tí a ò tíì lè pe orúkọ ẹ̀ láìsunkún, kí Olúwa mọ́wọ́ lé àyà yín. Ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run kò sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Ábúráhámù sọ fún ọlọ́rọ̀ náà: wọn ò ní rán ẹnikẹ́ni padà láti ọ̀run wá kìlọ̀ fún àwọn tó wà nílé. Wọ́n ti ní Mósè àti àwọn wòlíì. Àwa náà ti ní wọn, a tiẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí Ẹnì kan ti jíǹde. Kò sí iṣẹ́ tí Lásárù tún fẹ́ wá jẹ́ fún wa. Ẹ̀yìn ikú kọ́ la ti ń tún ẹnu ọ̀nà ṣe. Òní ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú nǹkan mẹ́ta ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú:

1. Bí a bá jẹ ẹnikẹ́ni lówó iṣẹ́, alágbàṣe, télọ̀, ọlọ́kadà, ọmọ ọ̀dọ̀, ká san án lónìí. Bí gbogbo ẹ̀ ò bá sí, ká san díẹ̀, ká sì dá ọjọ́ fún ìyókù.

2. Ká wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa tí a mọ orúkọ ẹ̀, tí a sì ń kọjá lára ẹ̀. Ká dúró, ká kí i, ká bi í bó ṣe sùn. Mùsùlùmí ni o, oníṣẹ̀ṣe ni o, Kristẹni ni o. Jésù ò sọ ṣọ́ọ̀ṣì tí Lásárù ń lọ.

3. Bí òbí wa bá wà láyé, ká pè é láàárọ̀ yìí. Owó màlúù tí a ń tọ́jú dè é, ká yọ owó oògùn kúrò nínú ẹ̀.

ÀDÚRÀ: Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé ilé wà lẹ́yìn ọjà. Dárí jì wá níbi tí a ti lo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹrú. La ojú wa sí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ikú tó la ojú náà. Tu gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, ní Ọ̀wọ̀, ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, àti níbi gbogbo. Lọ́jọ́ tí ọjà bá tú, jẹ́ ká bá Lásárù jókòó nídìí tábìlì kan náà. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ lọ rèé ṣe ire o. Ọjà á tà, oko á so, Olúwa á pa wá mọ́ lójú pópó. Bí ìrònú yìí bá bá yín wí tàbí tù yín nínú, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó tún di àárọ̀ ọ̀la, bí Ọlọ́run bá fẹ́.